Máṣíìnì ẹlòmíì kú lójú ọ̀nà: bí ẹ ṣe lè dúró ràn án lọ́wọ́ kí ọ̀rọ̀ má di ti ẹni méjì

Ẹ rí ọlọ́kadà kan létí títì, ó lóṣòó ti máṣíìnì rẹ̀, ọ́ìlì ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú. Àánú rẹ̀ ṣe yín, ẹ tẹ bíréèkì. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ti lóṣòó: tirẹ̀ ò tíì jí, epo tiyín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń dúró. Kí ìdúró ọ̀hún wúlò fún ẹni tí a dúró dè ni kò wọ́pọ̀.

Èmi náà ti ṣe é tì rí. Lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ìṣẹ́yìn, mo bá bàbá kan tó di iṣu mẹ́fà sẹ́yìn Bajaj rẹ̀, ṣéènì ti já. Mo gbé máṣíìnì mi sẹ́yìn tirẹ̀ gbágbá, lórí ọ̀dà, ní kọ́nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìwẹ̀yìn. Típà kan yọ lójijì, ó gbá jígí mi dànù, atẹ́gùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé èmi náà tẹ̀ lé e. Bàbá yẹn wo jígí tó fọ́ yángá sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Ṣé ìwọ lo wá ràn mí lọ́wọ́ ni, àbí èmi ni n ó gbé ọ lọ sọ́síbítù?”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé sípánà kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ yìí. Ibi tí ẹ bá gbé máṣíìnì yín sí, àti ibi tí ẹ bá fi ara yín sí, ló le jù. Ọ̀kadà kékeré tí à ń gùn káàkiri, 100cc sí 150cc, oníkábúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì), tí táyà rẹ̀ ní túùbù, ni mo ní lọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí.

Ohun tó yẹ kó wà nínú àpò yín

Ẹ má ru ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì kiri. Èyí tó bá wọ inú àpò kékeré kan ti tó:

- sípánà púlọ́ọ̀gì, àti púlọ́ọ̀gì (ohun tó ń taná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì) kan tó ṣì dáa
- sípánà 10, 12, 14 àti 17 (ẹ wo nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn tiyín, bóyá ó tún fẹ́ òmíràn), pìláyà, sukudireva olórí méjì
- irin pẹlẹbẹ méjì bíi ti àwọn fọkanáísà, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, pááṣì, sólúṣọ̀n, sáńpépà tó tó àtẹ́lẹwọ́
- kílíìpù ṣéènì kan pẹ̀lú ìdè rẹ̀
- wáyà bíńdìn, tépù dúdú, rọ́bà gígùn méjì tí a gé lára túùbù àtijọ́
- ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà kan, àti kẹ́ẹ̀gì kékeré tó gbẹ dáadáa
- tọ́ọ̀ṣì, àkísà, àti ẹ̀wù àwọ̀lékè tó máa ń tàn bí iná ọkọ̀ bá bà á

Rọ́bà túùbù yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Mo ti fi so báǹtìrì tó ń mì nínú ilé rẹ̀, mo ti fi so iná iwájú tí ọrùn rẹ̀ já. Ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé ni sàlẹ́ńsà, nítorí yóò yọ́, yóò sì máa rùn tẹ̀ lé yín délé. Wáyà bíńdìn ni ti sàlẹ́ńsà.

Ẹ fi 122 sínú fóònù, nọ́ńbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nìyẹn, àti 112 tó wà fún pàjáwìrì gbogbo. Kò gba owó láti pè wọ́n.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ẹ fi irinṣẹ́ inú àpò yẹn nìkan tú táyà ẹ̀yìn tiyín nílé, kí ẹ sì dá a padà. Ohunkóhun tí ẹ bá sáré wọlé lọ mú, òun ni kò sí nínú àpò.

1. Ẹ pinnu kí ẹ tó tẹ bíréèkì

Jígí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá rí aláìsàn máṣíìnì lójijì, tó sì dá bíréèkì dé, ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò gbá a. Ẹ dẹ iná, ẹ tan tíráfíkétọ̀ ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn rí i pé ẹ fẹ́ yà.

Ẹ kọ́kọ́ kọjá lára rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ojú yín mú gbogbo ibẹ̀. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kú ní tòótọ́ kì í jọ ẹni tó ń dúró de èrò: irinṣẹ́ wà nílẹ̀, ìjókòó ti ṣí, àbí ó ti fi ẹ̀ka igi sójú títì lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ewé ẹ̀ka yẹn pàápàá. Bó bá tútù, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a ni. Bó bá ti rọ, tó ti wọ́ eruku, ẹlòmíì ló fi í sílẹ̀ láti àná, kò kan ẹni tí ẹ ń wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ọkùnrin mẹ́ta tó dúró yí máṣíìnì mímọ́ kan ká, tí ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án, tó sì jẹ́ pé ojú yín ni wọ́n ń wò, ẹ máa lọ.

Ní ọ̀nà igbó, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ má dúró fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí. Mo mọ̀ pé yóò dùn yín. Ẹ wakọ̀ dé abúlé tàbí ìkóríta tó kàn, ẹ wá páàkì àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀ tàbí ibi tí àwọn ọlọ́pàá ti ń dá ọkọ̀ dúró, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i gan-an: “lẹ́yìn afárá kékeré yẹn, lápá ọ̀tún”. Àwọn ara ibẹ̀ mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ àti ẹni tí kò yẹ, wọn á sì lọ ní méjì mẹ́ta.

Bí ẹ bá gbé èrò, owó rẹ̀ lẹ ń jẹ lọ́wọ́, ẹ bi í. Ọ̀pọ̀ èrò ni yóò ní kí ẹ dúró. Èyí tó bá ní ọmọ lẹ́yìn tàbí tó ń sáré lọ síbi aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ gbé e dé ibi tó ń lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ṣé ẹ mọ ibi tí ẹ máa gbà lọ bí nǹkan ò bá rí bí ẹ ṣe rò? Ṣé epo tó wà nínú táǹkì yín lè gbé yín dé ilé epo tó kàn láìwo ohun tí ẹ máa fún ẹni ẹlẹ́ni? Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ máa lọ, kí ẹ sì rán ẹlòmíì wá.

2. Ẹ gbé máṣíìnì yín síbi tó tọ́

Ibí ni mo ti ṣe é tì, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é tì sí.

Ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kọjá rẹ̀ ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ẹ kúrò lórí ọ̀dà pátápátá, ẹ jẹ́ kí orí máṣíìnì kọjú síbi tí ẹ ń lọ, kí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ wá òkúta pẹlẹbẹ tàbí igi fi sábẹ́ sitáńdì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa tún sitáńdì ṣe nígbà tí wọ́n ń dúró dè yín fún púlọ́ọ̀gì.

Bó bá jẹ́ pé kọ́nà ni tirẹ̀ kú sí, tàbí orí afárá, tàbí ibi tí òkè ti bo ọ̀nà tí ẹni tó ń bọ̀ ò lè rí iwájú, ẹ má dúró níbẹ̀ rárá. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú níwájú, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn padà. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa jọ ṣe ni kí ẹ ti máṣíìnì tó kú náà kúrò níbẹ̀. Yóò ní “ẹ jẹ́ kí n tètè so ó, kò ní pẹ́”. Ẹ má gbà. Gbogbo wa la fẹ́ràn orí ọ̀dà nítorí pé ó tẹ́jú, tí nọ́ọ̀tì bá sì jábọ́ a ó rí i. Ẹ tẹ́ àkísà sórí ilẹ̀ létí igbó, nọ́ọ̀tì ò ní sọnù níbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni àmì. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń gba nǹkan bíi mítà 22 kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ẹ wo ẹ̀ka igi tí àwọn ènìyàn ń fi sí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sẹ́yìn: kí awakọ̀ tó rí i, ó ti dé orí yín. Ìṣísẹ̀ àádọ́ta ni kí ẹ kà lójú ọ̀nà kékeré, ọgọ́rùn-ún lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré. Bí kọ́nà bá wà lẹ́yìn yín, àmì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú kọ́nà náà, kó má jẹ́ pé inú rẹ̀ ló wà. Ewé tútù tó pọ̀ dáa, onígun mẹ́ta pupa tí àwọn onímọ́tò ń lò dáa jù ú lọ. Ẹ má fi òkúta ṣe àmì. Òkúta tó sọ fún mọ́tò pé kó yà lè pa ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́tò náà.

Ẹ dúró sápá igbó, kí máṣíìnì wà láàárín yín àti títì, kí ojú yín máa wo apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Bí ẹni kan bá ń tún un ṣe, iṣẹ́ ẹnì kejì ni kó máa wo ọ̀nà. Kì í ṣe kí ẹ jọ kó orí jọ sórí púlọ́ọ̀gì kan.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ rìn dé ìdí àmì, kí ẹ yíjú padà. Bí ẹ bá rí ohunkóhun yín lórí ọ̀dà, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀, sípánà tàbí bàtà, ẹ padà lọ ṣí i kúrò.

3. Ẹ wo ènìyàn kí ẹ tó wo máṣíìnì

Ẹ yọ akoto tàbí ohun tí ẹ fi bojú, kí ó rí ojú yín. “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnira. Ṣé kò sí o?” Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Òun náà ń bẹ̀rù yín.

Bó bá jẹ́ obìnrin tó dá wà, ẹ dúró jìnnà díẹ̀ sí i, ẹ bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé kó pe ẹnì kan rẹ̀ lórí fóònù, kó ka nọ́ńbà máṣíìnì yín fún onítọ̀hún. Ẹ ó rí i tí èjìká rẹ̀ máa rọlẹ̀.

Ẹ wá bi í pé ṣé ó ṣubú. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé rárá, tí ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn lórúnkún wọn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ẹ má ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn ún, tàbí tí kò mọ ibi tó wà, ẹ má gbé e dìde, ẹ má yọ akoto lórí rẹ̀ àfi bí kò bá lè mí, ẹ má fún un lómi. Omi yẹn ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa: bí ẹnì kan bá ti ṣubú, ẹlòmíì ti já píọ̀ wọ́tà sí i lẹ́nu. Omi náà lè pá ẹni tí iyè rẹ̀ ò pé lórí. Ẹ pe 122 tàbí 112. Bí ẹ bá gbé e dé ọsibítù, tí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá, ẹ rántí pé Òfin Ìlera ti ọdún 2014 lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà ò gba ilé ìwòsàn kankan láyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ ọ́ fún wọn tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀.

4. Ẹ wá ìdí tó fi kú kí ẹ tó tú nǹkan kan

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa dín iṣẹ́ kù: “Báwo ló ṣe kú?” Bó bá kú fíráà bí ìgbà tí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́, iná ló ṣeé ṣe kó ti dáwọ́ dúró. Bó bá ń wúkọ́, tó ń fà sẹ́yìn, kó tó kú, epo ni kí ẹ fura sí. Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àgbàrá kọjá ni, omi ti wọ orí púlọ́ọ̀gì.

Ẹ wá tẹ̀ lé e báyìí, ẹ má fo ọ̀kankan:

a. *Bọ́tìnì pupa* tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, tó wà lápá ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti pàdé ọkùnrin kan tó ti ti máṣíìnì láti Fìdítì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìlọrà, òógùn bò ó. Ọmọ tó gbé síwájú ló ti tẹ bọ́tìnì yẹn. Ẹ rọra dá a padà, kí ẹ má sì pariwo, kí ojú má tì í.

b. *Jíà.* Ẹ rí i pé ó wà ní fírì.

d. *Tápù epo.* Ẹ yí i sí rìsáfù, ìyẹn epo ìpamọ́ tó kù nísàlẹ̀ táǹkì. Ẹ ṣí ọmọrí táǹkì, ẹ mi máṣíìnì, ẹ gbọ́ bóyá epo ń rọ́ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí ọmọrí tí ẹ gbọ́ “fíìn” bí ẹni fa èémí, tí máṣíìnì sì jí lẹ́yìn náà, ihò kékeré tó wà lára ọmọrí ló ti dí. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la á.

e. *Púlọ́ọ̀gì.* Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù díẹ̀, ẹ nu ìdí rẹ̀ mọ́ kí eruku má bọ́ sínú, kí ẹ tó tú u. Ẹ wo ẹnu rẹ̀. Bó bá tutù tó sì ń rùn fún epo, epo ti pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì: ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ ti tápù epo, ẹ ta kíìkì ní bí ìgbà mẹ́fà láìsí púlọ́ọ̀gì lójú ihò rẹ̀, ẹ nu púlọ́ọ̀gì gbẹ, ẹ dá a padà. Bó bá gbẹ táútáú, epo ò dé ibẹ̀. Bó bá dúdú kirikiri, ẹ fi ti inú àpò yín pààrọ̀ rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá iná ń wá: ẹ fi púlọ́ọ̀gì sínú fìlà rẹ̀, ẹ fi ara irin rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, ẹ ta kíìkì. Iná búlúù tó ń dún “tá, tá” ló dáa. Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú ò tó.

Ẹ kíyè sí i: kí ẹ tó wo iná yìí, ọmọrí táǹkì gbọ́dọ̀ wà ní títì, epo kankan ò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tàbí lára ẹ́ńjìnnì, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi púlọ́ọ̀gì jìnnà sí ihò tí ẹ ti yọ ọ́. Ara rọ́bà ni kí ẹ ti dì í mú. Ẹni tó bá di irin rẹ̀ mú yóò mọ̀ fúnra rẹ̀.

ẹ. *Kábúrétọ̀,* bí púlọ́ọ̀gì bá gbẹ. Ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ ní ìdè kékeré kan tí a fi ń da epo inú rẹ̀ jáde. Ẹ fi ọmọrí ìgò sábẹ́ rẹ̀, ẹ tú u díẹ̀. Bí epo ò bá jáde, ọ̀nà ti dí láti òkè, bóyá nínú tápù. Bó bá jáde, ẹ gbé ọmọrí ìgò náà sójú oòrùn kí ẹ wò ó dáadáa. Omi kì í pò mọ́ epo. Yóò kóra jọ sísàlẹ̀ róbótó-róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀, bí ẹ bá sì mì ín yóò máa yí kiri. Ẹ dà á nù, ẹ tún gbè é, títí tí ìlẹ̀kẹ̀ kankan ò fi ní sí mọ́. Epo tí a rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lásìkò òjò ló máa ń bá èyí wá.

Bí báǹtìrì bá ti kú, ìyẹn nìkan ò ní kí ẹ sọ̀rètí nù, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀kadà kékeré ṣì máa ń jí bí a bá ta kíìkì. Bí fíúùsì bá jó, ẹ fi fíúùsì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi bébà inú páálí sìgá dí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wáyà inú ìjókòó ni yóò jó tẹ̀ lé e.

*Àyẹ̀wò:* Bó bá jí, ẹ má kí ara yín kú oríire títí ìṣẹ́jú mẹ́ta á fi kọjá. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, kí ẹ fún un níná díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá tún kú láàárín ìṣẹ́jú méjì, omi tàbí ihò ọmọrí táǹkì ni kí ẹ padà sí.

5. Bó bá jẹ́ epo ló tán

Lítà kan máa gbé ọ̀kadà 100cc kọjá kìlómítà 40 láìsí wàhálà. Nítorí náà, ìdajì lítà ti tó láti dé ilé epo ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ má fún un ní ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ ò bá mọ ibi tí epo tiyín dé.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Ẹ ti tápù epo tiyín, ẹ yọ rọ́bà tó wọ kábúrétọ̀, ẹ fi ọ̀pá rọ́bà inú àpò gbè é, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ kẹ́ẹ̀gì, ẹ wá ṣí tápù jẹ́jẹ́. Yóò máa sun fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fà á. Epo tó bá gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ohun tí mílíìkì tàbí epo pupa ń wò, ohunkóhun tí ẹ ti gbọ́ nípa rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má gbọn epo sínú ọ̀rá, kí ẹ má sì dà á sí táǹkì tí ẹ́ńjìnnì abẹ́ rẹ̀ ṣì ń jó fòfò. Ẹ ní sùúrù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹni tó ń mu sìgá, kó lọ mu ún níbi tí ẹ̀ka igi wà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ dá rọ́bà yín padà, ẹ ṣí tápù, ẹ wo ìdí kábúrétọ̀ tiyín fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń kán, kílíìpù rọ́bà ò dì. Ẹ̀yin náà lẹ máa di ẹni tí epo tán fún.

6. Bó bá jẹ́ táyà

Ẹ gbé e sórí sitáńdì ńlá. Ẹ yí táyà jẹ́jẹ́, ẹ wá ìṣó. Bí ẹ bá rí i, ẹ má tíì yọ ọ́. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì tàbí ẹrọ̀fọ̀ sàmì síbẹ̀ kí ẹ lè mọ ibi tí túùbù ti jò. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ táyà kan ṣoṣo, láti òdìkejì ìdí tí a ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ẹ fa túùbù jáde.

Ẹ fi sáńpépà ha ojú ibẹ̀ títí tí dídán rẹ̀ á fi lọ. Ẹ fi sólúṣọ̀n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sí i, tó fẹ̀ ju pááṣì lọ. Ẹ wá dúró. Ìdúró yìí gan-an ni a kì í fẹ́ ṣe: tí a bá lẹ pááṣì nígbà tí sólúṣọ̀n ṣì tutù, yóò ṣí kí ẹ tó dé ìlú. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún; bí kò bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ mọ́, ó ti tó. Ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi ìdí sukudireva tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí.

Kí ẹ tó dá túùbù padà, ẹ fi ìka wọ inú táyà yípo, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ìṣó kejì tàbí wáyà táyà tí tírélà bẹ́ sójú ọ̀nà lè wà níbẹ̀. Mo ti lẹ túùbù kan náà lẹ́ẹ̀mejì nínú wákàtí kan nítorí pé mi ò ṣe èyí. Ẹ fún túùbù látẹ́gùn díẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ inú, kí irin má bàa há a, kí ẹ sì fi ọwọ́ ti etí táyà tó kù wọlé bó bá ṣeé ṣe.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi itọ́ sí ẹnu ibi afẹ́fẹ́. Bí kò bá hó, ó dì. Ẹ gbé táyà sókè kí ẹ yí i: etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba yípo. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ ò ní fún yín ní ìwọ̀n tó pé, nítorí náà kí ó yà lọ́dọ̀ fọkanáísà àkọ́kọ́ tó bá rí.

7. Ṣéènì

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Kì í ṣe kí ẹ kàn fi sí fírì. Ẹ pa á, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Àwọn tí ìka wọn kúrú láàárín wa, ṣéènì tó ń yí ló jẹ ẹ́.

Bó bá bọ́ lásán, ẹ gbé e sórí eyín irin róbótó tó wà lára táyà ẹ̀yìn, láti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà sẹ́yìn tàbí síwájú títí tó fi máa gùn ún. Bó bá já, ẹ lo ìdè àti kílíìpù inú àpò. Kílíìpù yẹn ní ẹnu àti ìdí: lórí apá òkè ṣéènì, ìdí tó dì ló máa kọjú síwájú, ẹnu tó là á kọjú sẹ́yìn. Bí ẹ bá fi í sódì, ohun kékeré kan á gbá ẹnu rẹ̀ lójú ọ̀nà, á fò dànù. Bí kò bá sí kílíìpù, ẹ má fi wáyà bíńdìn di ṣéènì. Yóò já, yóò wé mọ́ táyà, táyà á sì dúró gbagidi lójú eré.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ìka gbé àárín ṣéènì sókè sódò. Kó máa rìn tó bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta. Èyí tó le kankan máa já, èyí tó sì dẹ̀ jù máa tún bọ́.

8. Bó bá kọ̀ tí kò jí

Ìṣẹ́jú ogójì ni mo máa ń fún ara mi. Lẹ́yìn náà, mo gbà pé iṣẹ́ mekáníìkì ni.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ tì í. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ń ṣe é: ẹni ẹ̀yìn á na ẹsẹ̀ sí ìtẹ̀sẹ̀ máṣíìnì tó kú, á máa tì í lọ. Nínú ìlú, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní ìwọ̀n ẹni tó ń rìn, mi ò lè bá yín jà. Lójú ọ̀nà ńlá, ihò kan ṣoṣo ti tó láti gbé ẹ̀yin méjèèjì ṣubú síwájú tírélà. Okùn burú ju ẹsẹ̀ lọ, nítorí bó bá dẹ̀, táyà iwájú ló máa ń gbé e mì.

Ẹ jọ ti máṣíìnì náà dé ilé tó sún mọ́ jù. Ẹ wá àgbà ibẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ fà á lé e lọ́wọ́. Ẹ ya fọ́tò máṣíìnì àti nọ́ńbà rẹ̀. Kí onímáṣíìnì ti ọwọ́ rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, kí ó yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó fi àkísà mímọ́ dí ihò náà, kí ó sì fi púlọ́ọ̀gì sápò ara rẹ̀. Olè tó bá ta kíìkì títí ò ní rí nǹkan kan gbé gùn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé onímáṣíìnì sẹ́yìn yín dé ọ̀dọ̀ mekáníìkì.

Ní ti owó: ẹ gba owó epo bí ẹ bá fún un lépo, ẹ gba owó pááṣì bó bá ní. Owó iṣẹ́, èmi ò kì í gbà á. Bàbá oníṣu yẹn kọ̀ jálẹ̀ pé àfi kí n mú iṣu kan; iṣu yẹn ni mo fi san owó jígí nínú ọkàn mi.

9. Kí ẹ tó gbéra

Ẹ ka irinṣẹ́ yín padà sínú àpò. Sípánà púlọ́ọ̀gì ló máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbéra ṣáájú, kí ẹ tẹ̀ lé e fún bíi kìlómítà méjì, kí ẹ máa wo èéfín rẹ̀ àti táyà ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gun máṣíìnì, ẹ̀ka igi yẹn ṣì wà lójú títì, ní ìṣísẹ̀ ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn. Ìdùnnú pé máṣíìnì ti jí ló máa ń jẹ́ kí a gbàgbé rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ọlọ́kadà tí iná iwájú rẹ̀ ò mọ́lẹ̀ á wá gùn ún. Ẹ fẹsẹ̀ rìn padà, ẹ wọ́ ọ sínú igbó, kí ẹ fi bàtà gbá ewé tó kù kúrò lórí ọ̀dà.